Ta Ló Jí Ohùn Akéde?

"Wọ́n ti jí ohùn mi."

Ohun tí obìnrin náà kọ sínú ìwé nìyẹn, tó sì tì í sọ́dọ̀ wa lórí káńtà. Aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ti lù. Ọlọ́pàá tó jókòó nídìí káńtà kà á, ó tún un kà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Oorun ọ̀sán ti ń gbé mi lọ díẹ̀díẹ̀, láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo sì ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, mi ò rí ẹni tó wá fẹjọ́ ohùn sùn rí.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

Ọ̀gá wa ló yọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. Màdáámù Jẹ́jẹ́ là ń pè é, nítorí kò sí ohun kan láyé yìí tó ń kán an lójú. Bó bá ń rìn, wàá rò pé ọmọ ọwọ́ kan ń sùn nítòsí tí kò fẹ́ jí. Bó bá sì fẹ́ ronú, ṣe ló máa ń dijú. Mélòó ni mo fẹ́ kà nínú àwọn afurasí tó rò pé ó ti sùn lọ níwájú àwọn, tí wọ́n fi tú àṣírí ara wọn! Ó gba ìwé náà, ó kà á, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jókòó, Mà," ó sọ fún obìnrin náà. "Ẹ kọ ìyókù."

Obìnrin náà ń kọ ọ́, èmi ń kà á láti ẹ̀yìn èjìká ọ̀gá mi. Bí mo ṣe ń kà á ni ẹ̀rín ń gbẹ lẹ́nu mi. Akéde ni! Akéde tó ka ìròyìn lórí rédíò fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó jẹ́ pé bó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, bàbá mi á ní kí gbogbo ilé pa ẹnu mọ́. Àìsàn ọ̀fun ló dé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn dókítà sì gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò. Ìborùn tó wé mọ́ ọrùn nínú ooru yẹn, àpá ló fi bò.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gé e, Ẹnjiníà ilé iṣẹ́ rédíò wọn jókòó tì í fún oṣù méjì. Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ètò kan tó ṣe sórí kọ̀ǹpútà Akéde. Bí Akéde bá ti tẹ ọ̀rọ̀, ètò náà á wá a jáde, á so ó pọ̀, ohùn rẹ̀ gan-an á sì sọ ọ́ síta. Láàárọ̀ òní, ètò náà kọ̀, kò ṣí.

"Aago mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n mi máa pè mí láti ilé ìwòsàn," ó kọ ọ́. "Ogún ọdún nìyí tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Kò mọ̀ pé mi ò ní ohùn mọ́. A fi pamọ́ fún un nítorí àìsàn ọkàn tó ń ṣe é. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n máa gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ti sọ fún wọn pé bí òun ò bá gbọ́ àbúrò òun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé òun kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì."

Ọ̀gá mi dijú fún ìgbà díẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì," ó ní, "mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀."

*

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Akéde ń gbé. Ilé náà dákẹ́ lọ́nà kan tí mi ò lè ṣàlàyé tán. Kọ́tìnnì funfun ń rọra wọlé, ó ń rọra jáde lójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tẹ́ sórí ilẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, mo sì ń rò ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀ sókè, nǹkan kan nínú yàrá náà á jí. Láti ilẹ̀ dé òkè àjà, téèpù rédíò àtijọ́ ló bo ògiri kan, nínú páálí kéékèèké tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ lára. Gbogbo ohun tí Akéde ti kà sétí ayé wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó ń dún.

Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà:

*Búráúsà yín ti gbó jù. Mi ò lè ṣílẹ̀kùn. Ẹ lọ mú èyí tó tuntun wá.*

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ búráúsà, fèrèsé tí kọ̀ǹpútà fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Inú fèrèsé yẹn náà ni ètò Ẹnjiníà ti ń ṣiṣẹ́.

"Ta ló kọ ọ̀rọ̀ yìí?" ọ̀gá mi béèrè.

Akéde mú síléètì kékeré kan tó gbé sórí itan. "Ẹnjiníà ni. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

"Níbo la ti lè rí i?"

Ó nu síléètì náà, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì yí i sọ́dọ̀ wa. "Ó kú lọ́dún méjì sẹ́yìn."

Ọ̀gá mi tẹjú mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ba kíbọ́ọ̀dù, ó fi èékánná yọ nǹkan kan láàárín bọ́tìnnì méjì, ó sì dì í mọ́ inú ìwé. Mi ò rí ohun tó jẹ́. Aago kan ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

*

Ọkùnrin kan ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìsàlẹ̀ ilé yẹn kan náà. Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì gbádùn orúkọ náà débi pé ó máa ń wọ aṣọ funfun. Nígbà tó gòkè wá, ó wo ojú kọ̀ǹpútà náà, ó mi orí bí ẹni tó fẹ́ sọ fún mọ̀lẹ́bí pé kí wọ́n gba kámú.

"Mo ti sọ fún Màmá tipẹ́," ó ní. "Ètò àtijọ́ ni. Kò lè bá búráúsà ìwòyí ṣe. Ó ti kú nìyẹn."

"Ìgbà wo lo fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí kẹ́yìn?" ọ̀gá mi béèrè, ojú rẹ̀ ti pa dé.

"Ìjẹta. Kíbọ́ọ̀dù tuntun ni mo wá fi sí i."

"O sì ń sọ fún wọn kí wọ́n pa ètò yìí tì."

"Mo ní kí wọ́n lo tuntun! Ó ní ohùn tirẹ̀, kò sí wàhálà."

"Ohùn ta ni?"

"Ohùn… ohùn ẹ̀rọ ni, Mà."

Akéde gbé síléètì rẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn wò ó ni, Dókítà sì sọ ojú sílẹ̀. Ní tèmi, ọwọ́ mi ti ń yún mi láti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kí i. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó ní ìdí, ó sì wà nítòsí. Kí ni a tún ń wá?

"Dókítà," ọ̀gá mi ní, "wọ́n kọ ọ́ síbí pé búráúsà ti gbó jù."

"Irọ́ ni! Tuntun gbáà ni. Àná ló yí padà, ẹ wò ó." Ó tẹ bọ́tìnnì méjì, àkọsílẹ̀ kan jáde. "Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àná kọjá ìṣẹ́jú méje. Ẹnìkan ló gbà fún un kó yí padà. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú oníbàárà mẹ́ta, ẹ lọ bi wọ́n."

"Ṣé o lè dá ti àtijọ́ padà?"

"Pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa yìí? Kò ní wọlé tán kí aago mẹ́jọ tó lù."

Ọ̀gá mi yíjú sí Akéde. "Níbo lẹ wà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àná?"

"Mo lọ rìn," síléètì dáhùn. "Ojoojúmọ́ ni."

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́ ilé yìí?"

Ṣọ́ọ̀kì náà dúró lórí síléètì. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ méjì péré: "Ọmọ mi."

*

Aránṣọ ni ọmọ Akéde, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju òpópónà kejì lọ. Nígbà tí a wọlé, ẹ̀rọ ìránṣọ ń kùn lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ìyeyè kan ń ṣàn kúrò lórí tábìlì lọ sílẹ̀, ooru àti ìró yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èmi lọ pátápátá. Mo fara ti ògiri kí n má baà ṣubú.

"Mi ò débẹ̀ lánàá," ó ní kí a tó bi í.

"A ò tíì bi ọ́," ọ̀gá mi sọ jẹ́jẹ́, ó sì jókòó sórí àpótí, ó dijú.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Obìnrin náà ń wo ọ̀gá mi, ó ń retí ìbéèrè, ìbéèrè ò dé. Mo ti mọ eré yìí. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, ọ̀gá mi tú ìwé tó dì, ó gbé e sórí tábìlì láìlajú. Òwú aláwọ̀ ìyeyè kan ló wà nínú ẹ̀, kò gùn ju èékánná lọ.

"Ìjẹta ni wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù yẹn dé," ó ní. "Òwú tó bá wà nínú ẹ̀, ó dé lẹ́yìn ìjẹta. Ìyá rẹ ò ránṣọ."

Omi lé sí obìnrin náà lójú.

"Ẹ má sọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ọdún mẹ́rin, Mà. Ọdún mẹ́rin nìyí tí Màámi ń fi síléètì bá mi sọ̀rọ̀. Ohùn yẹn, ti ẹ̀gbọ́n wọn, Ìyá Àgbà, nìkan ni. Aago mẹ́rin bá ti lù, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, mo máa ń dúró sórí àtẹ̀gùn máa gbọ́ wọn. Wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo kàn fẹ́ kó pè mí. Lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ó pè ọ́?"

"Mo tẹ orúkọ mi, ó dákẹ́. Orúkọ mi ò sí nínú ẹ̀. Mo wá tẹ 'ọmọ mi'." Ó fi etí aṣọ ìyeyè náà nu ojú. "Ó sọ ọ́. Mo jókòó, mo sunkún. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn. Nǹkan kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń bi mí bóyá kí òun yí padà sí tuntun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni kó lè kúrò níwájú mi, mo sì gba ẹ̀yìn jáde. Ṣé mo ti bà á jẹ́, Mà? Ṣé èmi ni Ìyá Àgbà ò fi ní…"

Èmi tó fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú ẹnìkan láti ìgbà yẹn, ojú ara mi ń tì mí.

"Gbé bàtà wọ̀," ọ̀gá mi ní. "Ká jọ lọ."

*

Nígbà tí Akéde gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ó jókòó láìmira. Ó wá kọ ọ́ sórí síléètì:

"Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ máa pè ọ́ ni. Mo rò pé o mọ̀."

Ó fà á mọ́ra, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́ bí ìgbà téèyàn ń rẹ ọmọ. Èmi àti Dókítà yíjú sí fèrèsé. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

"A ti mú ọ̀daràn nìyẹn," mo sọ sétí ọ̀gá mi. "Ọ̀ràn ti parí."

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ọmọ yẹn kàn gbé àlejò kan wọlé ni. Ta ló lé àlejò náà padà lẹ́nu ọ̀nà? Ilẹ̀kùn ní ó ti gbó jù, Dókítà ní tuntun gbáà ni. Ẹnìkan ṣe àṣìṣe. Ẹni tó gbé ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn ni mo fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò."

"Ó ti kú, Mà."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí gbogbo ilé dákẹ́."

Ó rìn lọ síwájú àwọn téèpù náà, ó dúró síbẹ̀. Mo rò pé ó ti sùn lóòró. Kọ́tìnnì ń wọlé, ó ń jáde. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára àwọn páálí, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó ń ka nọ́mbà wọn láìgbé ohùn sókè.

"Ẹnjiníà ló to gbogbo èyí?"

Akéde mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìwé pupa bẹ̀rẹ̀ láti oókan, ó parí sí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Búlúù tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan, ó parí sí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Àwọ̀ ewé àti gbogbo àwọ̀ tó kù náà bẹ́ẹ̀. Téèpù tó wà níbí lé ní ẹgbẹ̀ta, mi ò sì rí ọgọ́rùn-ún kan ṣoṣo. Kí ló fà á?"

Akéde rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ń kọ ọ́ kíákíá, ọmọ rẹ̀ ń kà á fún wa. Ìwé tí ilé iṣẹ́ rédíò ń lẹ̀ mọ́ téèpù, ojú méjì péré ló ní fún nọ́mbà. Bí ó bá ti di mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, wọ́n á pààrọ̀ àwọ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnjiníà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí bàbá ọ̀rẹ́ wọn kan pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun tó kọ sínú káàdì ni pé: "Bàbá ti parí pupa, wọ́n ti wọ búlúù."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àyàfi ọ̀gá mi. Ó ti dijú.

"Dókítà, ṣé búráúsà máa ń ní nọ́mbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Bó bá ti yí padà, nọ́mbà á fi oókan lé sí i."

"Èló ni ti tẹ́lẹ̀?"

Dókítà wò ó. "Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún."

"Ti òní ńkọ́?"

Ó ya ẹnu, kò sì pa á dé. "Ọgọ́rùn-ún," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Oókan, òdo, òdo," ọ̀gá mi ní. "Ojú méjì àkọ́kọ́ nìkan ni Ẹnjiníà máa ń kà. Oókan àti òdo. Mẹ́wàá ló rí. Lójú tirẹ̀, búráúsà ayé ìgbà kan ló ń kan ilẹ̀kùn, èyí tí kò lè gbé ohùn jáde, ló bá ní kó padà sílé. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Ohùn yín wà nínú ilé, Mà. Ẹ̀ṣọ́ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọgọ́rùn-ún."

Orí mi wú. Ẹni tó kú ni ọ̀gá mi jókòó tì, tó sì fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò yìí o!

*

Wíwá ibi tí ẹ̀ṣọ́ yẹn wà nínú ètò náà ni iṣẹ́ tó kù. Dókítà ṣí i síta, ìlà lórí ìlà, mi ò rí orí mi ò rí ìdí. Bàbá wa Ẹnjiníà kọ nǹkan! Aago mẹ́ta ààbọ̀ lù. Akéde jókòó, fóònù wà níwájú rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ kó má dún. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òógùn ti mú aṣọ funfun Dókítà lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Mo rí i!" ó pariwo. "Ẹ wò ó níbí. 'Mú àmì méjì àkọ́kọ́. Bí kò bá tó ogójì, má ṣílẹ̀kùn.'"

Ó pa èjì rẹ́, ó fi ẹ̀ta sí i, ó sì ṣí ètò náà.

*Búráúsà yín ti gbó jù.*

Ọmọ Akéde ká ọwọ́ lé orí. Inú bí mi, mo fẹ́ gbá kọ̀ǹpútà náà létí.

"Ó ti ka ti àárọ̀ sórí," ọ̀gá mi ní, kò gbé ohùn sókè rárá. "Ohun tó há sórí ló ń sọ. Sọ fún un kó gbàgbé."

Dókítà lu ara rẹ̀ níwájú orí. Ó nu gbogbo ohun tí búráúsà náà fi pamọ́ láti àárọ̀, ó tún un ṣí. Ojú kọ̀ǹpútà funfun, ó dúró bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ó mọ́lẹ̀ kedere. Akéde na ọwọ́, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan. Ohùn tí bàbá mi máa ń ní ká dákẹ́ fún kún yàrá náà, ó gbóná, kò yí padà rárá: "Ẹ ṣé."

Fóònù dún.

Akéde kò lé wa jáde. Bóyá ó gbàgbé ni, bóyá kò fẹ́. Ọmọ rẹ̀ bá a tẹ fóònù kí gbogbo wa lè máa gbọ́.

"Àbúrò mi." Ohùn àgbàlagbà ni, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ìka Akéde sáré lórí kíbọ́ọ̀dù. "Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ìrọ́jú. Mo wà níbí."

"Mo gbọ́. Wọ́n ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì wọn. Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ kí wọ́n tó gbé mi lọ. Ọdún mẹ́rin nìyí tí o ò wúkọ́. O ò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu rí láti ìgbà yẹn, ìwọ tí o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀! Ojú mi ló fọ́ o, etí mi ò fọ́."

Ìka Akéde dúró sókè.

"Kí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ tó dé ni mo máa ń gbọ́ ìka rẹ, tá-tá-tá, bí òjò tó ń bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun kan ti ṣe ọ̀fun rẹ. Mo rò pé o ò fẹ́ kí n mọ̀, mo bá fi sílẹ̀ fún ọ. Ohùn tó ń jáde yẹn dára, ti rédíò ni. Ìka yẹn ni mo máa ń dúró dè ní aago mẹ́rin. Ìwọ nìyẹn. Ṣé o gbọ́? Fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Kan fóònù fún mi."

Akéde bo ẹnu. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ wọ inú ìborùn. Ó wá na ìka kan, ó kan ẹ̀yìn fóònù náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọmọdé gan-an. "Òun nìyẹn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ máa gbé mi lọ. Àbúrò mi, má dúró o. Máa kàn án títí wọ́n á fi gba fóònù lọ́wọ́ mi."

A gbọ́ táyà bẹ́ẹ̀dì tó ń yí lórí ilẹ̀ dídán, a gbọ́ ilẹ̀kùn tó ṣí, ẹnìkan ń sọ pé ẹ rọra. Ìka Akéde ń kàn án. Lẹ́yìn náà ìpè já, fóònù sì ṣókùnkùn.

Ojú ọ̀gá mi là sílẹ̀ gbooro, omi sì wà níbẹ̀. Akéde ò wo fóònù, ojú fèrèsé ló ń wò, ìka rẹ̀ ń lọ, ó ń lọ. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó sọ fún un pé ìpè ti já.